Nínú mélòó? Bí a ṣe ń wọn gbígba abẹ́rẹ́ èéyí àti ìdáàbòbò rẹ̀ ní ìlú, abúlé oko àti gáà

Gbólóhùn méjì kan wà tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi. Ìpàdé oṣooṣù ni ti àkọ́kọ́ ti máa ń wá: "Wọ́ọ̀dù wa ṣe 112% lórí abẹ́rẹ́ èéyí." Ta wá ni àwọn 12 tó gbà á lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ 100 ti gbà tán? Ìkejì ń wá nígbà tí èéyí bá bẹ́ ládùúgbò: "Ọmọ 42 ló dùbúlẹ̀, 24 nínú wọn ló ti gbabẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ò ṣiṣẹ́." Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ń yọ̀, ẹni tó sọ ìkejì ń bínú, àmọ́ àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe. Kò sí èyí tó béèrè pé: nínú mélòó?

Òṣìṣẹ́ ìlera wọ́ọ̀dù àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó lọ wọn nǹkan wọ̀nyí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tí màá lò ni wọ́ọ̀dù kan bí irú èyí tó wà ní Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn, níbi tí ìlú, abúlé oko àti gáà Fúlàní ti jọ wà lábẹ́ sẹ́ńtà ìlera kan náà. Èmi ni mo gbé iye inú àpẹẹrẹ náà kalẹ̀ kí ìṣirò lè yé wa. Ẹ má kọ wọ́n sínú ìròyìn yín.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí ìlera ní ìpínlẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì ní in, ẹ má kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.
- Rẹ́jísítà àjẹsára gbogbo ilé ìwòsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù, ti aládàáni náà.
- Àwòrán wọ́ọ̀dù tí ẹ fọwọ́ yà, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé.
- Fóònù tó ní KoboCollect (áàpù tí wọ́n fi ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), tàbí ìwé àti bíírò.
- Ẹni tó gbọ́ èdè Fúlàní, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà. Ìyá tí nọ́ọ̀sì ti jágbe mọ́ rí kò ní sọ òótọ́ níwájú nọ́ọ̀sì.
- Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀.
- Excel, tàbí kakuléétọ̀ tó lè ṣe gbòǹgbò onígun mẹ́rin àti EXP (e^x).

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé

Abẹ́rẹ́ wo? Ẹ̀ẹ̀kelòó? Ọmọ oṣù mélòó? Títí di ọjọ́ wo? Ní Nàìjíríà, oṣù 9 ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èéyí àkọ́kọ́, oṣù 15 ni ó ń gba ìkejì. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá àkọ́kọ́, ọmọ oṣù 12 sí 23 ni kí ẹ bi. Tó bá jẹ́ ìkejì, oṣù 24 sí 35. Bí èéyí bá ti bẹ́ tí ẹ sì fẹ́ mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe dáàbò boni tó, ẹ mú oṣù 12 sí 59. Ọmọ oṣù 7 tí kò gbabẹ́rẹ́ kò jẹ gbèsè, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Ẹ pín ìsọ̀rí kí ẹ tó rí iye kankan, torí ẹni tó bá ti rí iye tán yóò máa wá ìpín tó máa gbe ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ "Yorùbá, Fúlàní, Tíìfì" sílẹ̀, ó tán. Ọmọ Fúlàní tí bàbá rẹ̀ kọ́lé sẹ́yìn sẹ́ńtà kò jọ ọmọ tó wà ní gáà tí odò ń gé kúrò lára ìlú lásìkò òjò. Ọmọ Yorùbá tó ń bá ìyá rẹ̀ sùn ní ahéré kò sì jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílé-ìwé nílùú. Ibi tí ọmọ ń sùn àti ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ń gbà dé ilé ìwòsàn ni kó pín in.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣàpèjúwe ọmọ márùn-ún fún ẹlòmíràn, kó sọ ìsọ̀rí tí kálukú wà. Bí ẹnu yín ò bá kò lórí ọ̀kan péré, ẹ tún ìwé yín kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka àwọn ọmọ fúnra yín

Níbí ni iṣẹ́ wà. Iye àfojúsùn tí wọ́n ń fún sẹ́ńtà, orí ìkànìyàn 2006 ni wọ́n gbé e kà, wọ́n ń fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún, wọ́n sì ń mú 4% nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Wọ́ọ̀dù tó bá ní èèyàn 25,000 nínú ìwé yóò ní ọmọ-ọwọ́ 1,000 lọ́dún, bíi 83 lóṣù. Tí sẹ́ńtà bá fún ọmọ 93 ní abẹ́rẹ́ èéyí lóṣù kan, 112% dé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó purọ́. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ọjà bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́, tí àwọn ìyá wọ́ọ̀dù kejì gbé ọmọ tiwọn wá. Ó sì lè jẹ́ pé 25,000 yẹn gan-an ni kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rí tó tóbi wà fún èyí. Ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2016 sí 2017 fi hàn pé ọmọ 33 péré nínú 100 ló gba Pẹ́ńtà kẹta (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ń gbà á). Iye tó ń jáde láti rẹ́jísítà ilé ìwòsàn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọdún 2017 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì lórí àjẹsára.

Torí náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ibi tí èèyàn ń sùn. Ẹ bi baálẹ̀, ẹ bi Sẹ́ríkí Fúlàní, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ọlọ́kadà mọ ahéré tí káńsẹ́lọ̀ kò mọ̀, obìnrin tó ń ta wàrà sì mọ gáà tí ọlọ́kadà kò lè dé.

Tí ẹ bá dé ilé, ẹ má bi ìyá pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?" A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Yóò sọ iye tó bá wù ú, tàbí kó ní kí ẹ bi bàbá wọn. Ẹ ní kó dárúkọ wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, kí lorúkọ àkọ́bí? Ta ló tẹ̀ lé e? Ta ló ń mu ọmú báyìí?" Ẹ̀yin lẹ máa ka orúkọ náà nígbà tí ẹ bá jókòó. Ẹ tún fi ọgbọ́n béèrè ọmọ tó ti ṣaláìsí láti ìgbà tí èéyí ti bẹ́. Tí ẹ bá fò ó, àwọn tí àrùn náà pa kò ní sí nínú ìwé yín rárá.

Ẹ fi òfin kan sílẹ̀ lórí àwọn tó ń ṣí kiri. Èyí tí mo fẹ́ràn ni pé ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ fún oṣù kan gbáko ni kí ẹ kà. Ẹ má lọ sí gáà lọ́jọ́ ọjà tàbí láàárọ̀ tí àwọn obìnrin ti gbé wàrà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ìṣirò ìjọba, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 jẹ́ bíi 20% gbogbo èèyàn, nítorí náà ọmọ oṣù 12 sí 59 yẹ kó súnmọ́ 16%. Tó bá jẹ́ 9% lẹ rí, ilé wà tí ẹ fò. Kí ẹni méjì tún ka ogún ilé kan náà láìfi ìwé wọn han ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ ò bá lè dé gbogbo ilé

Ẹ yan nínú wọn, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nípa ìbò. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kéèyàn dúró láàárín ìlú, kó yí bíírò, kó máa tẹ̀ lé ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí títí yóò fi rí ọmọ méje. Ó ń ṣojúure fún ilé tó wà nítòsí ọjà àti títì. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2018 ti kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fún gbogbo ilé ní nọ́ńbà, kí ẹ sì mú nọ́ńbà láìwojú.

Ọmọ 96 tó bí ẹ bá fẹ́ kí àṣìṣe má ju 10% lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, 384 bó bá jẹ́ 5%. Àmọ́ ọmọ inú agbo ilé kan máa ń jọra, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 192 tàbí 768. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ni iye yìí. Ọmọ 192 fún gbogbo wọ́ọ̀dù, tí gáà ní 15 nínú rẹ̀, kò lè sọ ohunkóhun nípa gáà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo káàdì, kí ẹ tó gbọ́ ẹnu

Ẹ kọ ibi tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti wá: káàdì, rẹ́jísítà tàbí ẹnu ìyá. Ẹ má pò ó pọ̀. Tó bá jẹ́ káàdì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́, kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" lásán. Wọ́n máa ń fi bíírò kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sórí káàdì náà, ọ̀pọ̀ olùwádìí ló sì ń ka ọjọ́ tí wọ́n ní kí ìyá padà wá sí ọjọ́ tó gbabẹ́rẹ́.

Bí káàdì bá ti sọnù, inú rẹ́jísítà lókàn, ibẹ̀ sì ni orúkọ ti ń dàrú. Ọmọ tó gba BCG (abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ) kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì ní orúkọ lọ́jọ́ náà. "Bébì Ìyá Rìsíkátù" ni wọ́n kọ, nígbà tó pé oṣù 9 wọ́n kọ Abdulmalik, nílé ẹ̀wẹ̀ Àkànní ni wọ́n ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo lè di mẹ́ta. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù ìyá, ọjọ́ ìbí àti àdúgbò wá a, kì í ṣe orúkọ nìkan.

Tó bá jẹ́ ẹnu lókù, ìbéèrè tó dáa kò ní "ṣé ó ti gbàjẹsára?" nínú. Gbogbo ìyá ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni, torí àwọn tó ń gbé ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ kiri ilé ti kán an sí ẹnu ọmọ náà láìmọye ìgbà. Ẹ béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé àti ìgbà tó wọlé. Itan òsì ni Pẹ́ńtà. Apá òsì ni èéyí, lẹ́yìn tí ọmọ ti pé oṣù 9. Ẹ ṣọ́ra níbí: apá òsì kan náà ni BCG, òun ló ń fi àpá sílẹ̀. Ìyá tó bá fi àpá hàn yín, BCG ló fi hàn yín.

Fún ọjọ́ orí, ẹ fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ dá a mọ̀: ìgbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìbò ààrẹ oṣù kejì ọdún yẹn, ọjọ́ tí owó ìrànwọ́ epo lọ ní oṣù karùn-ún, iléyá, ìgbà ìkórè ẹ̀gúsí. Ọdún gbọọrọ tí ìyá kàn bù kò wúlò nígbà tó jẹ́ pé oṣù lẹ ń kà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹlòmíràn padà sí ilé 10 nínú 100. Bí ìdáhùn nípa abẹ́rẹ́ èéyí bá yí padà ní ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún kọ́ àwọn tó ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣírò gbígbà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan

Ká ní èyí lẹ rí láàárín ọmọ 1,000 tó jẹ́ oṣù 12 sí 59, ní apá wọ́ọ̀dù tí èéyí ti bẹ́:

- Ìlú: ọmọ 600, 540 gbà á. 90%.
- Abúlé oko: ọmọ 250, 180 gbà á. 72%.
- Gáà: ọmọ 150, 60 gbà á. 40%.

Lápapọ̀, 780 nínú 1,000, ìyẹn 78%. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe 90 + 72 + 40 pín sí mẹ́ta. Ìyẹn yóò fún yín ní 67%, irọ́ sì ni, torí ìlú pọ̀ ju gáà lọ nílọ̀ọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá mú ọmọ 192 ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi bí ìsọ̀rí náà ṣe pọ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀.

Ẹ ya àwọn tí kò gba nǹkan kan rí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Ẹni tí kò gba Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tó gba Pẹ́ńtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò gba ti èéyí, òun dé sẹ́ńtà, ohun kan ló lé e padà. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyí sábà máa ń gba ọmọ 10, wákàtí 6 péré ló sì ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó. Nọ́ọ̀sì tó bá rí ọmọ méjì kì í fẹ́ fọ́ ọ. Yóò ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ìyá tó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà wọ ọ̀kadà wá láti oko kò ní padà wá. Ẹ má kọ èyí sílẹ̀ bí "àìbìkítà àwọn ìyá".

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ to àwọn aláìsàn

Ibà pẹ̀lú ara sísú, àti ikọ́, imú tó ń dà tàbí ojú pípọ́n: gbogbo ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àkọ́kọ́ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Rubella, àrùn mìíràn tó ń mú ibà àti ara sísú wá, máa ń jọ èéyí. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ ti èéyí nìkan kò sì dí i lọ́wọ́, nítorí náà bó bá wọ inú àkọsílẹ̀ yín, ẹ̀bi tí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ ni ẹ ó dá a.

Ẹ fi ọmọ tí kò tíì pé oṣù 9 sínú ìròyìn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ìdáàbòbò. Ẹni tí ara rẹ̀ sú láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀: abẹ́rẹ́ kò tíì ráyè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe lo àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn nìkan. Ìyá ìlú yóò gbé ọmọ wá nítorí kúrúnà mẹ́ta, ti gáà yóò dúró títí ó fi dé ojú ẹ̀. Ilé-dé-ilé ni, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà níbi gbogbo, yálà ọmọ gbabẹ́rẹ́ tàbí kò gbà á.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ṣírò ìdáàbòbò

Ẹ mú ìpín àwọn aláìgbà tó ṣàìsàn, ẹ yọ ìpín àwọn tó gbà tó ṣàìsàn kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi ti aláìgbà pín èyí tó kù.

- Ìlú: aláìgbà 18 nínú 60 ṣàìsàn (30%), àwọn tó gbà, 24 nínú 540 (4.4%). Ìdáàbòbò: 85%.
- Abúlé oko: 28 nínú 70 (40%), 11 nínú 180 (6.1%). Ìdáàbòbò: 85%.
- Gáà: 54 nínú 90 (60%), 12 nínú 60 (20%). Ìdáàbòbò: 67%.

Ẹ padà wo ìlú. Aláìsàn 42, 24 ló ti gbabẹ́rẹ́. Òun nìyẹn, gbólóhùn tó ń bí aráàlú nínú. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ dáàbò bo 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ 540 ló gbà á, 60 péré ni kò gbà á. Bí ìdákan kékeré nínú 540 bá ṣàìsàn, ó lè ju ìdámẹ́ta 60 lọ.

Ẹ wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀: aláìgbà 100 nínú 220 ṣàìsàn (45.5%), àwọn tó gbà, 47 nínú 780 (6%). Ìdáàbòbò: 87%. Ó ga ju ti ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ! Báwo ni àpapọ̀ ṣe lè ju gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ? Ìdí ni pé àwọn aláìgbà pọ̀ jù ní gáà, níbi tí àrùn náà ti jà jù. Ọmọ gáà tí kò gbabẹ́rẹ́ jìyà nítorí àìgbà, ó tún jìyà nítorí ibi tó ń gbé, ìṣirò àpapọ̀ sì gbé ìyà méjèèjì fún abẹ́rẹ́ bíi pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá tẹ 87% jáde ti yin abẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ, ó sì ti bo gáà mọ́lẹ̀.

Bí ẹ ò bá ní iye gbogbo ọmọ, tí ẹ kàn mọ ìpín tó gbà ládùúgbò, ọ̀nà kúkúrú wà. Ní ìlú, 24 ÷ 18 = 1.33. Nínú gbogbo ọmọ, 90 ÷ 10 = 9. Ẹ fi 9 pín 1.33, ó di 0.148, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, 85% náà ló jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń mì: bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé 95% ló gbà, ìdáàbòbò di 93%. Bó bá ní 80%, ó di 67%. Bó bá ní 112%, ìṣirò ò lọ mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wá bí iye yín ṣe lè yẹ̀ tó. Fún gáà, ẹ tẹ =SQRT(1/12-1/60+1/54-1/90) sínú Excel, 0.272 ni. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.96. Ẹ wá EXP èyí tó jáde (=EXP(0.533) nínú Excel). Ẹ fi í sọ 0.333, ìyẹn 20% lórí 60%, di púpọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tún fi í pín 0.333 yẹn. Tí ẹ bá yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 1, ìdáàbòbò gáà wà láàárín 43% sí 80%. Ti ìlú, lọ́nà kan náà, 74% sí 91%. Méjèèjì ṣì kan ara wọn. Ẹ lè sọ pé ti gáà dà bí ẹni pé ó kéré, kí ẹ sì lọ wá ìdí. Ẹ ò tíì lè búra.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí ló fa 67%?

Abẹ́rẹ́ èéyí tí ọmọ gbà ní oṣù 9 máa ń dáàbò bo bíi 85%, èyí tó gbà ní oṣù 12 bíi 95%, torí agbára tí ọmọ-ọwọ́ jogún lára ìyá rẹ̀ máa ń dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Torí náà, ìlú àti abúlé oko wà níbi tó yẹ. Ti gáà ni ká tọ pinpin.

Ẹ kọ́kọ́ fura sí ìwé tiyín. Nínú 60 tí ẹ ní wọ́n gbà á, mélòó ni ẹ rí káàdì wọn? Ẹ tún un ṣírò pẹ̀lú àwọn oníkáàdì nìkan. Bí ó bá gòkè lọ sí nǹkan bíi 80%, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ ló ti wọlé gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ èéyí.

Bí kò bá gòkè, ẹ wo ọjọ́ orí lórí káàdì. Nígbà tí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ lọ sí gáà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń gún ọmọ oṣù 7 tí ìyá ní ó ti pé 9.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kúlà tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ nínú òtútù. Ẹ bá wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ń lọ. Ìwọ̀n òtútù gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8, omi ìpò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ náà gan-an. Ẹ wo aago: ìgò tí wọ́n pò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò gbọdọ̀ wọ apá ọmọ kankan lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, àmọ́ gáà tó jìnnà jù ni wọ́n sábà ń dé kẹ́yìn. Mo ti bá wọn dé ọ̀kan ní aago mẹ́ta kọjá, pẹ̀lú ìgò tí wọ́n ti fọ́ láti àárọ̀. Wọ́n gún ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì kọ gbogbo wọn sílẹ̀ bí ẹni tó gbà á.

Nínú ìròyìn yín, ẹ kọ́kọ́ gbé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, kí àpapọ̀ wà nísàlẹ̀ wọn, kí iye ọmọ gangan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo %. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún Sẹ́ríkí àti àwọn ìyá gáà, kí ẹ kà á fún wọn ní èdè wọn, kí ẹ tó gbé e lọ sí ìpàdé oṣooṣù.